Ojú Saimi Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Odindi ọdún mẹ́sàn-án ni Taisto fi ń sọ káàkiri abúlé pé òun kò lọ́mọ. Igbó ìdílé wọn ló tà láì sọ fún Saimi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni ìjà fi bẹ́ sílẹ̀. Agídí bàbá ni ọmọ náà jogún, kò sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ lanu. Ìgbà tí ìròyìn dé pé wọ́n pe Saimi, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, sí àpèjẹ ààrẹ lọ́jọ́ Òmìnira, èyí tí gbogbo orílẹ̀-èdè máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, Taisto wọkọ̀ lọ sí ìlú Kajaani, ó gbé tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn bọ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún èmi aládùúgbò rẹ̀. N kò sì bi í.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tan àbẹ́là méjì sójú fèrèsé bí gbogbo ilé ti ń ṣe lọ́jọ́ Òmìnira, mo gba inú yìnyín lọ sílé rẹ̀. Nínú tẹlifíṣọ̀n, àwọn àlejò ti ń tò kọjá, wọ́n ń bọ ààrẹ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú gbogbo wọn rí wúruwùru.

"Hilkka, wò ó!" Taisto pariwo sí mi. "Mi ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sóbìnrin. Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. HD ni wọ́n kọ sára páálí yẹn!"

"Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Kí ni dikódà àtijọ́ yẹn ń wá nídìí ẹ̀?"

"Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń ṣiṣẹ́ fún mi. Èèyàn kì í ju nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ nù."

"O káre, ahun. O ra ìkòkò tuntun, garawa tó jò lo fi ń pọnmi sí i."

Mo ṣàlàyé fún un pé bó ti wù kí tẹlifíṣọ̀n dára tó, ohun tí wọ́n bá gbé wá bá a ló máa fi hàn. Díìṣì lè gbé àwòrán kedere wá, íńtánẹ́ẹ̀tì náà lè gbé e wá, ṣùgbọ́n Taisto kò ní ìkankan. Eriali orí òrùlé rẹ̀ ti tó, tẹlifíṣọ̀n tuntun náà sì ní dikódà tirẹ̀ nínú; èyí àtijọ́ tó wà láàárín wọn ló ń ba àwòrán jẹ́.

"Tí mo bá yọ ọ́, àwòrán máa lọ ná. Wíwá ìkànnì lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Tí Saimi bá wá kọjá láàárín ìyẹn ńkọ́?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi.

"Tó bá kọjá báyìí, ṣé wàá mọ̀ ọ́n?"

Ó nawọ́ sí dikódà náà. "Yọ ọ́."

Mo ki wáyà eriali bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n gan-an, mo ní kó máa wá ìkànnì. Gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n náà dúdú. Taisto di apá àga mú, ẹnu rẹ̀ ń mì, mo rò pé àdúrà ló ń gbà.

Nígbà tí àwòrán là, a rí òógùn níwájú orí ológun kan. Àlejò ń kọjá, a kò mọ̀ bóyá Saimi ti lọ. Kọfí wa tutù. Lójijì, òun nìyẹn nínú aṣọ aró: ó bọ ààrẹ lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá.

"Hilkka, irun ẹ̀ ti funfun."

"Ẹni àádọ́ta ọdún ni, Taisto."

Ó fa fóònù sọ́dọ̀, ó tẹ nọ́mbà Saimi láì wo ìwé kankan. Kò sẹ́ni tó gbé e, ààfin ààrẹ ni Saimi ṣì wà. Ó dúró títí tí ẹ̀rọ fi ní kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá ẹ ni," ló wí. "Mo rí ẹ. Ewú ti bo orí ẹ, mi ò sì sí lọ́dọ̀ ẹ nígbà tó ń hù."