Ìbò Ìyá Tollefson

Ọdún kẹta tí Cascadia, ilẹ̀ wa, ya kúrò lára Amẹ́ríkà la kọ́kọ́ dìbò yan ààrẹ. Òjò ń rọ̀, àwa tó tò síwájú gbọ̀ngàn àwọn apẹja sì ti rin gbingbin.

Verna Tollefson, arúgbó tó ti ń pẹja lódò wa kí wọ́n tó bí mi, ló wà níwájú mi. Obìnrin òṣìṣẹ́ ìbò wo káàdì rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ohio, ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ni wọ́n ti bí yín. Òfin ní ọmọ onílẹ̀ nìkan ló lè dìbò."

Verna bú sẹ́rìn-ín. "Odò yẹn ló gbé ọkọ mi lọ, kò dá òkú ẹ̀ padà. Ta ló wá jẹ́ onílẹ̀ jù mí lọ? Mi ò kúrò níbí."

"Màá pe ọlọ́pàá o!"

"Pè wọ́n. Kí wọ́n gbé àga dání, ẹsẹ̀ ń ro mí."

Dwight Hukari, tí Verna máa ń bú ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ lójoojúmọ́, jáde láti ẹ̀yìn ìlà. A rò pé yẹ̀yẹ́ ló fẹ́ ṣe. Ó dúró ti àpótí ìbò, ó káwọ́ gbera.

"Ẹ fún ìyá yìí níwèé ìbò. A máa na ẹgbẹ́ rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n kò ní rí i sọ pé èrú la fi borí òun. Bí kò bá dìbò, ẹnikẹ́ni ò ní dì í."

Kò sẹ́ni tó gbìyànjú láti kọjá lára rẹ̀ nínú wa. Nígbà tó yá, obìnrin náà na ìwé sí Verna.

Verna dìbò tán, ó yíjú sí Dwight. "O ṣeun, ọmọ mi. Olè ṣì ni ẹgbẹ́ yín."

Ẹgbẹ́ Dwight ló wọlé. Lọ́jọ́ kejì, Verna gbé àga síwájú gbọ̀ngàn, ó ní òun ò ní dìde àfi tí wọ́n bá fagi lé òfin yẹn. Èmi náà gbé tèmi lọ.