Odídẹrẹ́ Wa Gbé Wa Fò

Ṣadé, o mọ odídẹrẹ́ tí èmi àti ọkọ mi jọ ń sìn. Ọwọ́ ọkọ mi nìkan ló ti ń gba ẹ̀pà jẹ. Tèmi, ṣe ló máa ń sá fún un.

Mo lálàá lánàá pé ó tóbi tó ẹṣin. Ó bà lé orí bẹ́ẹ̀dì wa, ó ní, "Ẹ gun ẹ̀yìn mi." A gùn ún. Ìyẹ́ rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Kò gba ojú fèrèsé jáde o. Inú pálọ̀ ló ń fò lọ, pálọ̀ náà kò sì lópin. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ọkọ mi ti hu ìyẹ́, ó ti ní ìrù pupa, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Odídẹrẹ́ ló bá a sọ ohun tó fẹ́ sọ, pẹ̀lú ohùn ọkọ mi gan-an: "Má jẹ́ kí n jábọ́." Mo di ìrù náà mú.

Etí aṣọ ọkọ mi ni mo dì mú nígbà tí mo jí. Mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, mo na ìka sí ẹyẹ náà. Ó wò mí títí, lẹ́yìn náà ló rọra gbé orí lé e.