Ìbòjú Tí Wáyà Rẹ̀ Rọ̀

Láti òwúrọ̀ Sátidé yẹn ni Veronica kò ti lè jókòó sójú kan. Ó gbá ilẹ̀ tán, ó tún un gbá. Ó ká àwọn ẹ̀wù nínípọn tí wọ́n fi ń ṣeré idà sínú báàgì, ó tú wọn síta, ó tún wọn ká. Isaiah ọkọ rẹ̀ ń mu ẹ̀kọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Idasen, ó ń wò ó.

"Vero, kí ló dé? Ṣebí eré la fẹ́ lọ ṣe."

"Mi ò mọ̀. Ara mi ni kò balẹ̀."

Ọdún 1993 ni. Akọ̀wé ni Veronica ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ni Isaiah. Bùrọ̀dá Sylvanus, ọmọ ìjọ wọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ eré ìdárayá lókè òkun, ló kó idà tí kò lẹ́nu bọ̀ wálé, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú àwọ̀n wáyà méjì. Nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń kọ́ tọkọtaya náà ní ìrọ̀lẹ́, títí eré ọ̀hún fi wọ̀ wọ́n lẹ́wù. Kí ó tó fi idà lé wọn lọ́wọ́ rárá, ìbòjú ló kọ́kọ́ gbé sókè.

"Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yíká. Bó bá rọ̀ níbì kan, ẹ gbé e jù sílẹ̀. Idà tí kò lẹ́nu náà máa ń fọ́ ojú."

Lọ́sàn-án Sátidé náà, Sylvanus fi ọkọ̀ Pijó rẹ̀ gbé wọn lọ sí Imoru, níbi tí iléèwé girama kan ti ní kí wọ́n wá ṣeré fún àwọn. Ọ̀nà kò dáa. Nígbà tí wọ́n kọjá Ute, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti kòtò dé kòtò, ẹrù inú búùtù sì ń lu ara wọn gbì-gbì.

"Bùrọ̀dá, ṣé jáàkì ò sí lẹ́yìn níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìbòjú?" Veronica béèrè.

"Vero, fọkàn balẹ̀ jàre," Sylvanus fèsì.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, pápá ti kún. Àwọn àgbààgbà ìlú ti jókòó sábẹ́ ibòji, àwọn ọmọ iléèwé ń pariwo. Bí Isaiah ṣe fẹ́ gbé ìbòjú rẹ̀ wọ̀, Veronica gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ yíká. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ojú òsì, wáyà náà wọlé lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ibí ti rọ̀."

Sylvanus wo ìbòjú náà fìrí, ó wo èrò. "Díẹ̀ ni. Àwọn èèyàn ti ń dúró láti àárọ̀. Ẹ rọra ṣe é."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé..."

"Mo mọ ohun tí mo sọ!"

Isaiah gba ìbòjú, ó fi bojú. "Wá, jẹ́ ká tètè ṣe é, ká máa lọlé."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí àyè bá ṣí sílẹ̀ fún Veronica láti gún, ojú òsì ọkọ rẹ̀ nìkan ló ń rí. Ó ń fà sẹ́yìn ṣáá. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé e lórí: "Ẹ̀rù ń bà á! Ẹ̀rù ń bà á!" Isaiah bínú, ó sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ fi dandan mú un jà. Ìgbà náà ni Veronica sọ idà rẹ̀ kalẹ̀.

"Mi ò ṣe mọ́."

"O fẹ́ dójú tì mí ni?" Isaiah sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ọwọ́ mi kọ́ ni ojú rẹ máa fọ́ sí."

Sylvanus sáré wọ àárín pápá. Ìtìjú ti mú kí ojú rẹ̀ pọ́n. Ó bọ́ ìbòjú lórí Isaiah, ó fi bo ojú ara rẹ̀, ó sì gbé idà Veronica nílẹ̀. "Ó dáa. Èmi ni kí o bá ṣe é, Isaiah. Wọ ìbòjú ìyàwó rẹ. Gún mi."

Èrò pàtẹ́wọ́. Isaiah gba ìbòjú Veronica wọ̀, ó na idà. Veronica kò lè wò wọ́n. Ó wò wọ́n náà. Ó rí ọkọ rẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, tó gbé e padà. Ó tún gbé e. Ṣóńṣó idà rẹ̀ dé iwájú ẹ̀gbẹ́ òsì ìbòjú náà, kò kọjá ibẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ẹ má bínú. Apá mi ò ká a."

Ariwo rọlẹ̀ lórí pápá. Sylvanus bọ́ ìbòjú náà. Ó fi ìka rẹ̀ tẹ ibi tó rọ̀. Ó wá yí sí àwọn ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ láìmú idà dání. Àwọn kan fara mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ ń ráhùn. Ọ̀gá iléèwé kò sin wọ́n dé ìdí ọkọ̀.

Nílé lálẹ́, Isaiah kò jẹun tán. "Mo ti ń bínú sí ẹ," ó wí. "Ìgbà tó kàn mí láti gún ni mo tó mọ ohun tí ò ń rí." Veronica bu omi fún un, ó jókòó tì í.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí Sylvanus tó yà lọ́dọ̀ wọn. Ìrèké ló mú dání. Ó ní òun ti fi òòlù lu ìbòjú yẹn pẹlẹbẹ kí ẹnikẹ́ni má baà tún wọ̀ ọ́ láéláé, òun sì ti rán ọ̀rẹ́ kan níṣẹ́ sókè òkun fún òmíràn.

"Vero, láti ìsinsìnyí ìwọ ni kí o máa yẹ ẹrù wò ká tó bẹ̀rẹ̀."

"Bí mo bá ní ká dúró ńkọ́, Bùrọ̀dá? Bí ọba bá jókòó síbẹ̀ pàápàá?"

Sylvanus fi ọwọ́ ra orí rẹ̀.

"A ó dúró," ó wí níkẹyìn. Veronica wá dìde láti lọ mú ọ̀bẹ tí wọn yóò fi gé ìrèké.