Ọ̀rọ̀ Òní

Tísà èdè òyìnbó ọmọ mi obìnrin ló kó wàhálà bá mi. Ojoojúmọ́ ló ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ tuntun kan, á sì ka ojú-ìwé kan fún wọn nínú ìtàn apẹja tó sọnù sójú òkun. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi lọmọ yìí ti máa ń pariwo: "Màámi, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òní!"

Màá ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ la fẹ́ jẹ lálẹ́ ni? Gbé àyọ́ọ̀nù wá jọ̀ọ́." Á ṣáà sọ ọ́, á tún sọ ibi tí apẹja dé. Èmi á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, àmọ́ ẹ̀rọ mi á dákẹ́ rọ́rọ́.

Lọ́jọ́ kan, ibà dá a dùbúlẹ̀. Mo fún un lóògùn, mo padà sídìí ẹ̀rọ, ni mo bá rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn. Omi ti ń wọ ọkọ̀ apẹja lánàá. Àbí ó ti kú ni?

Mo fìbínú dìde. Mo ní kí ìyá mi máa ṣọ́ ọmọ, mo sì forí lé ilé ìwé, tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn mi. Mo yọjú lójú fèrèsé.

"Tísà, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ òní ńkọ́?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Tísà ò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí àga ọmọ mi tó ṣófo.

"Ẹ wọlé, Màmá. A ò tíì ṣí ìwé."

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi ti dìde jókòó.

"Màámi, ibo lẹ lọ?"

"Ilé ìwé. Apẹja ti rí èbúté, àmọ́ ọ̀rọ̀ òní la ó kọ́kọ́ kọ. Mú bírò."