Símílù Mutí fún Ọmọ Rẹ̀

Ṣìọ̀! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti ìlú ńlá wá bá wa ṣọdún ọtí ní Ikaríà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èmi sílẹ̀. Dionísù wo lẹ ń pè ní òrìṣà? Òpó igi ni. Wọ́n gbẹ́ ojú ọkùnrin onírùngbọ̀n, wọ́n gbé e kọ́ sókè òpó, wọ́n fi aṣọ wọ̀ ọ́, wọ́n fi ewé ìtàkùn wé e lórí. Ẹ ká aṣọ yẹn sókè kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀, kò sí ara níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ọkùnrin wa á dúró síwájú rẹ̀, omijé á máa bọ́ lójú wọn. Ọtí ló ń sunkún, kì í ṣe àwọn.

Wọ́n ní itan ni Séúsì bàbá rẹ̀ fi gbé oyún rẹ̀, nígbà tí mànàmáná tí òun fúnra rẹ̀ rán ti jó ìyá ọmọ pa. Ẹ gbọ́ ná. Ọkùnrin kan ṣoṣo lóyún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìgbà tí ayé ti dáyé, orin rẹ̀ ò tíì jẹ́ ká sùn títí dòní. Ọmọ mẹ́fà ni èmi ìyá Náúsì bí, n kò tíì gbọ́ orin kan ṣoṣo.

Ìlú wa yìí náà ni wọ́n ní Dionísù kọ́kọ́ gbé ọtí àjàrà wá. Bàbá kan tó ń jẹ́ Ikaríù gbà á lálejò, òrìṣà sì fún un ní ọtí. Dípò kí bàbá yìí bu omi là á bí ènìyàn gidi, ó gbé e fún àwọn aládùúgbò ní ògidì. Nígbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí, wọ́n ní ó fún àwọn ní májèlé jẹ, wọ́n lù ú pa. Erígónè ọmọbìnrin rẹ̀ wá òkú bàbá rẹ̀ kiri, nígbà tó sì rí i, ó pokùn so. Àwọn ọkùnrin máa ń fi ìgbéraga sọ ìtàn yìí, pé ọ̀dọ̀ wa ni ọtí ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí èmi gbọ́ níbẹ̀ ni pé bàbá ló ṣe àṣìṣe, ọmọ ló jìyà rẹ̀. Símílù àbúrò mi gbọ́ ìtàn náà láti kékeré, kò rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ nínú rẹ̀.

Ọmọ ìyá mi ni Símílù, ẹnu mi ò sì gbà á láti sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ọmọ ò gbọ́n, ẹ ní kó má ṣáà ti kú. Kí ló ń pa ọmọ bí àìgbọ́n? Ti Símílù yàtọ̀. Àìgbọ́n tirẹ̀ kì í pa òun, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń pa. Ìyàwó rẹ̀ kú, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, Mirítálè. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà yẹn. Èmi ni mo tọ́ ọ títí ó fi pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọdún Òdòdó là ń ṣe lọ́dún yẹn nígbà tí nǹkan yìí ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, a máa ń ṣí àwọn ìkòkò ńlá tí a rì mọ́lẹ̀ láti ìgbà ìkórè. A ó ta ọtí tuntun sílẹ̀ fún òrìṣà, a ó bu omi là á, a ó wá mu. Ọjọ́ kejì ni ìdíje. Olúkúlùkù ọkùnrin á jókòó sí tábìlì tirẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ọlọ́wọ́ tirẹ̀, èyí tó gba ife méjìlá. Bí fèrè bá ti dún, ó di mímu. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín títí yóò fi da ojú ìkòkò rẹ̀ délẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mu tán ló ń gba àpò awọ ewúrẹ́ kan tó kún fún ọtí. Ilé kan ló máa ń pèsè àpò náà lọ́dọọdún, ó sì kan ilé Símílù.

Símílù ti mu ẹ̀bùn. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọdún, ó ti tú okùn ẹnu àpò náà láti tọ́ ọ wò, ó sì tọ́ ọ wò títí ó fi kan ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́ kìíní, nígbà tí a ti ṣí ìkòkò tán, Désípù dìde láàárín àwọn ọkùnrin. Désípù yìí ló ti ń gba ìdíje náà fún ọdún mẹ́ta. Ọrùn rẹ̀ àti orí rẹ̀, bákan náà ni wọ́n tóbi.

"Bàbá Mirítálè," ó ní, "ẹ̀bùn ọ̀la dà? A ò tíì fojú kàn án."

"Ó wà nílé," Símílù dáhùn. Ọtí ògidì ló wà nínú ife rẹ̀, kò bu ẹ̀kán omi kan sí i.

"Ṣé inú àpò ló wà nílé ni, àbí inú yín?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Símílù. Ọkùnrin tójú ń tì, tó tún ti mu ògidì, ẹ má wulẹ̀ dúró nítòsí rẹ̀. Ó rìn lọ síwájú òpó, ó gbé ọwọ́ lé e, ó pariwo pé: "Àpò awọ lẹ ń wí? Ẹ̀bùn tèmi ju àpò awọ lọ! Mo fi Dionísù búra, ẹni tó bá kọ́kọ́ mu tán lọ́la, Mirítálè ọmọ mi ni n ó fún un, kó fi ṣaya!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìbúra lẹ́sẹ̀ òpó yẹn, kò sí ẹni tó ń yí i padà ní Ikaríà. Désípù kò pariwo, kò jó. Ó kàn gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo ọ̀nà ilé wa.

Èmi ni mo sọ fún Mirítálè. Ó ń lọ ọkà báálì lọ́wọ́. Ó dúró, ó ní, "Ta ni yóò kọ́kọ́ mu tán, Ìyá?"

Mo gba ọmọ ọlọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Désípù ni," ó ní. "Ìyá, èmi àti ẹ̀yin la jọ fọ òkú Nikásò ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní orí àkàsọ̀ ló ti já bọ́. Ẹni tó já bọ́ lórí àkàsọ̀, ṣé gbogbo àmì ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló máa wà lọ́rùn rẹ̀?"

"Mo rí i, ọmọ mi."

"Mi ò fẹ́ kú, Ìyá."

Ohun tó sọ nìyẹn, kò sì sunkún. Èmi ni mo sunkún. Lẹ́yìn náà ni mo wá Símílù lọ. Mo bá a lábẹ́ igi ólífì, ó ti tún ń mu nǹkan míì.

"Ìwọ ọ̀mùtí yìí, dìde!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Orí ń fọ́ mi."

"Kó fọ́ dáadáa! Láyé rẹ, iṣẹ́ wo lo mọ̀ ọ́n ṣe?"

Ó rò ó. Kí n má purọ́, ó rò ó tọkàntọkàn. "Mo mọ̀ ọ́n mu," ó ní.

"Ó dára. Lọ́la, wàá mu. Bí ìwọ lo bá kọ́kọ́ mu tán, ọmọ rẹ á padà di tìrẹ. Bí Désípù bá sì ṣáájú rẹ, ìwọ lo pa ọmọ náà, kì í ṣe òun. Ṣé o gbọ́?"

Ojú rẹ̀ là. "Mo lè gbà á, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi ìyá wa búra, mo lè gbà á." Mo gbá a lẹ́nu pé kó má tún búra mọ́ láyé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a kun ọ̀dà dúdú sí ẹnu ọ̀nà ilé gbogbo kí àwọn òkú tó máa ń rìn káàkiri lọ́jọ́ yẹn má bàa wọlé, a sì jẹ ewé ẹ̀gún tí a máa ń fi lé wọn. Àwọn ọkùnrin jókòó. Àwa obìnrin dúró lẹ́yìn ògiri kúkúrú, à ń wò. Désípù jókòó sí apá ọ̀tún òpó, Símílù sí apá òsì. Fèrè dún.

Háà! Kí ọmọ aráyé ní iṣẹ́ kan tó mọ̀ láyé, ẹ jẹ́ kó ní in. Ọ̀nà ọ̀fun àbúrò mi là sílẹ̀, ọtí ń lọ síbẹ̀ wọ̀ọ̀, kò mí, kò ṣẹ́jú. Désípù rí i pé ó ń fi òun sílẹ̀. Ó gbé ìkòkò rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ó yí ojú po, ó yọ ahọ́n síta, ó na irùngbọ̀n bí òbúkọ tó rí abo. Gbogbo Ikaríà ló mọ̀ pé Símílù kì í lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ọtí fẹ́ gba imú rẹ̀ jáde. Mo na ọrùn lókè ògiri, mo fi ojú mi pàdé tirẹ̀, mo sì wò ó bí ìyá wa ṣe máa ń wò ó kó tó fi ẹgba kàn án. Èjìká rẹ̀ dúró. Ó gbé e mì, ó tún gbé e mì, ó sì da ojú ìkòkò dé sórí tábìlì. Ẹ̀kán kan ò já bọ́ níbẹ̀.

Símílù gbà á! Èmi tí mo ń bú u láti àárọ̀, mo pariwo orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há. N kò dúró gbọ́ nǹkan míì. Mo ká aṣọ mi sókè, mo sáré lọ sílé bí ọmọdébìnrin.

"Bàbá rẹ gbà á! Mirítálè, bàbá rẹ gbà á!"

Ọmọ náà dì mọ́ mi, ẹ̀rín àti ẹkún jọ ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi ló ṣe é? Bàbá mi gan-an?" Ó bu ọbẹ̀ ẹ̀wà gbígbóná sínú abọ́, ó mú búrẹ́dì, ó ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun gbé e fún un. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń sọ pé òun ò ní í bínú sí bàbá òun mọ́ láé, kódà bó mutí dójú ikú.

Kí a tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Désípù ti fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti Símílù. Ọtí ògidì ló ń bù fún un, ọwọ́ rẹ̀ sì wà léjìká rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin ni ọkùnrin," ó ń wí. "Ẹ nà mí lónìí. Ṣé ẹ ò bínú sí mi?"

"Èmi? Kí n bínú?" Símílù ń sunkún ayọ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n rò pé ahun ni mí! Wọ́n ní mo mu ẹ̀bùn! Désípù, mú ọwọ́ rẹ wá."

Mo pariwo, "Símílù, panu mọ́!" Ó ti pẹ́ jù. Ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú lójú gbogbo ènìyàn, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí bàbá ń sọ nígbà tó bá ń fọmọ fọ́kọ, tí kò sí ẹni tó ń gbà á padà: "Mo fún ọ ní ọmọbìnrin yìí, kí o ro ó bí oko, kí o sì kórè ọmọ nínú rẹ̀."

"Mo gbà á," ni Désípù wí. Ó ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Símílù kó tó parí.

Abọ́ ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Mirítálè. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbà mí. Ẹ ti gbà mí tán."

Símílù gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí i tìfẹ́tìfẹ́. "Ọmọ mi! O ò rí i? Kò fi ìdíje gbà ọ́ o. Ọ̀fẹ́ ni mo fi ọ́ fún un! Wá kí ọkọ rẹ."

Mo ti bú àbúrò mi láyé mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni èébú tán lẹ́nu mi. Mo ṣí ewé ìtàkùn tí wọ́n fi dé Símílù lórí nígbà tó gba ìdíje, mo tutọ́ sí i, mo sì jù ú sí ẹsẹ̀ òpó. Ojú igi yẹn ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé ìyàwó. Èmi ni mo ru ẹní àti ẹrù ọmọ náà tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn elégbè padà sílé, èmi ò padà. Mo tẹ́ ẹní tèmi sí ẹ̀gbẹ́ ààrò Désípù, mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dáná.

Désípù fara dà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti oko dé, ó fi ẹnu kan ọbẹ̀, ó ní ó ti tutù. Ó dìde, ó sì gbé ọwọ́ sókè sí Mirítálè. Ọmọ náà di ojú rẹ̀. Mo yọ ọ̀bẹ tí a fi ń gé ẹ̀ka àjàrà, èyí tó tẹ̀ kọdọrọ, mo gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ rẹ̀. N kò gbé ohùn sókè.

"Désípù, èmi náà máa ń sùn níbí," mo ní. "O sì máa ń sùn wọra bí ẹni tó ti kú."

Ó wo ọ̀bẹ, ó wò mí. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ fi ṣe. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó jókòó, ó sì jẹ ọbẹ̀ tútù náà tán.