Ẹ̀rọ Aláìlára Tó Sùn ní Kamina

Lọ́dún 1979, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi lé Bàbárímisá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní omi wọ téèpù lọ́wọ́ rẹ̀. Laurent ló sọ ọ́, Laurent tó ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, tó máa ń wá jẹ iṣu nílé rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ó dúró níwájú ọ̀gá bùrò, ìyẹn ọ́fíìsì wọn, ó gbé téèpù náà sókè bí ẹni gbé òkú ẹja, ó ní òjò ti bà á jẹ́. Bàbárímisá ya ẹnu, ṣùgbọ́n kí ni ẹni tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ kó tó ka ìwé kẹrin fẹ́ sọ fún àwọn tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀? Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà jáde. Colette, tó ń tẹ̀wé ní bùrò náà, yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Bàbá Olómi, ẹ rọra o, kí òjò má pa yín." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára bí àpá.

Orí òkè ni bùrò náà wà ní Atakpamé, níbi tí ìkùukùu àárọ̀ ti máa ń wọ yàrá bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n mọ bí òjò ṣe rọ̀ tó àti bí odò Mónò ṣe ga tó. Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tó tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta, Laurent ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Òun ló ṣàlàyé fún Bàbárímisá, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́, pé ẹ̀rọ kan lojú ń rí, ṣùgbọ́n mẹ́ta ló ń gbé inú rẹ̀. Àwọn mẹ́ta náà kò ní ara tiwọn. Ọ̀kan ń ka òjò, ọ̀kan ń ka odò, ọ̀kan ń ya àwòrán ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbà pé òun nìkan ló ni gbogbo irin náà.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bàbárímisá lọ́kàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀rọ odò ló fẹ́ràn jù, torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àpọ̀kẹ́, wà lára àwọn tó ń bọ́ ọ. Létí Mónò, lókè Nangbéto, ni Àpọ̀kẹ́ ń gbé. Láràárọ̀ a lọ wo ọ̀pá funfun tí bùrò rì mọ́ inú omi, a kọ nọ́ńbà tí omi bá dé sórí ìwé, a fi rán ọkọ̀ tó ń lọ sí Atakpamé. Nígbà mìíràn Bàbárímisá a máa lá àlá pé ẹ̀rọ aláìlára náà jókòó létí odò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpọ̀kẹ́, ó ń fetí sí omi.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Laurent ń da ẹ̀dà àwọn ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí téèpù kan tó fẹ̀ bí àwo oúnjẹ. Téèpù méjìlá ni wọ́n ní, wọ́n sì ń lò wọ́n yípo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, ohun tuntun a sì bo ohun àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í kọ nǹkan sórí téèpù àfi tí èèyàn bá kọ́kọ́ ki òrùka rọ́bà kan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí kò bá sí òrùka, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni yóò wà níbẹ̀. Bàbárímisá mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń ṣa àwọn òrùka tó bá jábọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni kó fi kẹ̀kẹ́ gbé téèpù lọ sí yàrá sìmẹ́ǹtì kan ní Kamina, kí jàǹbá kan má baà pa ẹ̀rọ àti ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Kamina yìí làwọn Jámánì ti fọwọ́ ara wọn wó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá ìlú wọn sọ̀rọ̀, lọ́dún 1914. Bó bá ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn irin tí koríko ti bò, a máa rò ó bóyá ẹnì kan nínú wọn tiẹ̀ ní ẹ̀dà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ, òjò ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Ó bọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi méjèèjì wé téèpù náà. Nígbà tó dé Kamina, òun fúnra rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n fà jáde látinú odò, ṣùgbọ́n téèpù gbẹ bí ewé ìgbà ọyẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn àwo irin inú kọ̀ǹpútà, tí àwọn ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé lórí wọn, bàjẹ́, wọ́n ní kó gbé téèpù wá. Laurent fi í sórí ẹ̀rọ, ó ka ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, ojú rẹ̀ yí padà. Ó fa ìwé náà ya, ó sì yọ téèpù kíákíá. Ìgbà yẹn ló sọ̀rọ̀ omi. Téèpù ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni wọ́n fi jí àwọn ẹ̀rọ náà padà, ti Bàbárímisá sì di ohun tí wọ́n jù sórí ààtàn.

Bàbárímisá lọ ṣà á. Ó gbé e sínú agolo onídèérí pẹ̀lú èédú, kí ọ̀rinrin má baà dé ibẹ̀, ó sì gbé e sórí àjà.

Ọdún mẹ́sàn-án ni kò fi kí Laurent. Ó kúrò lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ń gé irun fún àwọn méjèèjì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí Laurent bá jókòó lápá ọ̀tún, òun a lọ sápá òsì, bí oòrùn tilẹ̀ ń ta á lójú. Nígbà tí Àpọ̀kẹ́ kú lọ́dún 1981, Laurent fi apẹ̀rẹ̀ iṣu ránṣẹ́. Ó dá a padà, ó tún gbá ibi tí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ náà kà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: iyèméjì ti wọ inú ìbínú náà. A máa lá àlá pé òun ń gun kẹ̀kẹ́ lábẹ́ omi, téèpù ń tú lẹ́yìn òun bí ọ̀já, ó gùn, ó gùn, kò lópin, omi sì ń ṣàn lára rẹ̀. Bó bá jí, a gun àpótí, a gbé agolo sọ̀kalẹ̀, a fọwọ́ kan téèpù. Gbígbẹ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn tó kúrò, kò sẹ́ni tó gbé téèpù lọ sí Kamina mọ́. Laurent di ọ̀gá bùrò, ó ní kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ti tó láti tọ́jú wọn. Lọ́dún 1987 wọ́n dí Mónò ní Nangbéto, adágún sì bo ilé Àpọ̀kẹ́ àti ọ̀pá funfun rẹ̀. Àwọn apẹja wá ń ju àwọ̀n síbi tí ó ti ń dáná tẹ́lẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀lé e, àrá sán lu bùrò. Iná jó kọ̀ǹpútà, ó jó kọ́bọ́ọ̀dù, ó jó àwọn ìwé nọ́ńbà. Odò tó ń ṣàn kí adágún tó dé kò sí lórí ilẹ̀ mọ́, kò sí lórí ìwé, kò sì sí nínú ẹ̀rọ.

Lomé ni Geneviève, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti wá, òun àti irin kọ̀ǹpútà tuntun, kó wá wo ohun tó ṣeé jí padà. Nínú ìwé kan tí iná jó kù ló ti rí i pé ọkùnrin kan ń gbé téèpù lọ sí Kamina títí di ọdún 1979. Ó wá Bàbárímisá dé oko, ó kí i dáadáa, ó bi í bóyá téèpù kankan ṣẹ́ kù. Bàbárímisá kọ ebè méjì. Lẹ́yìn náà ló bi í bóyá téèpù tí omi ti bà jẹ́ lè sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ní rárá, ẹ̀rọ kò ní rí nǹkan kan kà.

"Bó bá wá kà á ńkọ́?"

"A jẹ́ pé omi kò bà á jẹ́ nìyẹn, Bàbá."

Ó gbé ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Bí téèpù náà bá dákẹ́, a jẹ́ pé ọdún mẹ́sàn-án ni òun fi bínú sí ẹni tó sọ òótọ́. Ó ní òun yóò gbé e wá, ṣùgbọ́n kí Laurent dúró nínú yàrá náà, kí Colette náà sì wà níbẹ̀.

Ìkùukùu bo òkè láàárọ̀ ọjọ́ tó gbé e lọ. Kò sí òjò, síbẹ̀ ó fi ẹ̀wù òjò àtijọ́ yẹn wé e. Òórùn èéfín ṣì wà lára ògiri bùrò. Laurent dúró lójú fèrèsé, ewú ti gba orí rẹ̀. Ó kí i pé ẹ káàárọ̀, kò pe orúkọ, kò pe Ẹ̀gbọ́n. Bàbárímisá ń wo irin tuntun náà.

Geneviève fi aṣọ funfun nu téèpù, ó yí i padà, ó béèrè ibi tí òrùka ẹ̀yìn rẹ̀ wà. Bàbárímisá ní bí òun ṣe bá a lórí ààtàn nìyẹn. Obìnrin náà fi í sórí ẹ̀rọ. Téèpù yí, ó dúró, ó tún yí. Ìró rẹ̀ dà bí omi tó ń gba àárín òkúta kọjá. Bàbárímisá di etí àga mú. Geneviève ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé ẹ̀rọ tó wà nínú téèpù kò ní mọ̀ pé inú ara mìíràn lòun ti jí.

Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Geneviève tẹ̀ síwájú, ó kà á. Ó ní ẹ̀rọ odò ti jí, kò sóhun tó ṣe é. Ó ń béèrè nọ́ńbà ọ̀dọ̀ Àpọ̀kẹ́, torí kò tíì rí ti òní.

Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bíi pé adágún fà sẹ́yìn. Bàbárímisá rí odò tóóró, ó rí ọ̀pá funfun, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ká ìró sókè, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ibi tí omi dé. Ẹ̀rọ náà kò gbọ́ pé ó ti kú. Ó ń dúró dè é.

Bàbárímisá ní kí Geneviève bá òun wo ọjọ́ tí ẹ̀rọ pe òní.

"Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún, 1979." Geneviève wo ìwé tó wà lára téèpù. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ni wọ́n kọ síbí."

Bàbárímisá fi ìka ka ọ̀sẹ̀. Méjìlá gééré ni. "Madamu," ó ní, "ṣé òjò lè sọ oṣù kẹjọ di oṣù karùn-ún?"

Geneviève ní òjò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò kọ nǹkan kan sórí téèpù náà lọ́jọ́ Ẹtì yẹn ni, kò sì sí òrùka tí wọn ì bá fi kọ ọ́. Ìka Colette dúró lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Laurent kúrò lójú fèrèsé. Ó wá dúró ti téèpù náà, ó ń wo ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ kọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ìdána àbúrò mi Jacqueline ni lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Akparé ń dúró dè mí. Mi ò fi òrùka sí i, mi ò sì wo ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ kí n tó lẹ ìwé mọ́ ọn."

"Colette kò gbọ́," Bàbárímisá ní.

Laurent yíjú sí Colette, ó gbé ohùn sókè.

"Omi kò kan téèpù náà rí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo rí oṣù karùn-ún tí ẹ̀rọ tẹ̀, mo mọ ohun tí mo ṣe, mo sì fa ìwé náà ya. Irọ́ ni mo pa mọ́ Bàbárímisá."