Ọwọ́ Tí Mo Fà Sẹ́yìn

"Ẹ kú àfẹ́kù o," ni Hàlímọ̀ ará ilé kejì fi kí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ajá mi kú, bí ẹni pé fóònù ló bọ́ lọ́wọ́ mi ní Ìta Fájì. Mo wò ó látòkè délẹ̀. Mo ní kó máa bá tiẹ̀ lọ. Ajá ọdún mẹ́rìnlá, ṣé fóònù ni?

Mọ̀núrù ọkọ mi, tó ń ṣọ́ géètì ní Ìkòyí, ló gbé Tanímọ̀la wálé nígbà tí kò tíì tóbi ju bàtà lọ. Mo pariwo lọ́jọ́ náà! Ilé tí a ti ń kírun márùn-ún lójúmọ́, kí la fẹ́ fajá ṣe? Mo ya àwo rẹ̀ sọ́tọ̀, mo ní ẹnu ọ̀nà ni yóò máa sùn, itọ́ rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kan ẹnikẹ́ni, kó má baà ba àlùwàlá wa jẹ́. Ìgbà tí Mọ̀núrù kú, tí àwọn akíni túká, èmi àti ajá yìí ló kù. Oṣù mẹ́rin ọjọ́ mẹ́wàá tí mo fi ṣe opó nínú yàrá, kò kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Tó bá gbọ́ ẹkún mi, a máa fi ìrù gbá ilẹ̀kùn gbà gbà.

Lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀, ojú fọ́. Ó ń tọ̀ sára, ó ń ké tí a bá gbé e. Nusrat, dókítà ẹran, ọmọbìnrin oníhíjáàbù kan, sọ fún mi pé kò sí oògùn tó kù, àfi abẹ́rẹ́ tí yóò fi sinmi. Mo gbà.

Ọ̀sán ló wá. Mo ti ṣe àlùwàlá ìrun Alásárì sílẹ̀, mo jókòó tì í. Bí dókítà ṣe yọ abẹ́rẹ́, Tanímọ̀la na imú, ó ń wá ọwọ́ mi. Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó tún na imú díẹ̀ sí i, kò bá nǹkan kan. Bó ṣe lọ nìyẹn.



Lọ́jọ́ kẹta, Alájì Bùsàrí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, wá láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Kò fẹ́ràn ajá náà rí, mo sì rò pé yóò ní mo ṣeun. Mo rò ó fún un tán, títí kan ti ọwọ́ àti àlùwàlá. Ó ní:

"Ìyàwó wa, ṣé àlùwàlá ò ṣeé tún ṣe ni? Àbí omi ti wọ́n l'Ékòó?"

Háà! Mo bú sẹ́kún, tàgbàtàgbà mi.

"Mo mọ̀, Alájì. Kì í ṣe tàlùwàlá. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Ká ní mo fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ náà ni, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gún un. Ìrora ì bá ṣì máa jẹ ẹ́ títí di òní, kí èmi má baà dá wà."